Àwo Tó Lè Gba 200 TB: Ìgbà Wo Ló Máa Dé Ọjà, Kí La Ó sì Máa Lò Kó Tó Dé?

Ní oṣù kejì ọdún 2024, àwọn onímọ̀ láti University of Shanghai for Science and Technology ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà kọ ọ́ sínú ìwé ìwádìí Nature pé àwọn ti rí ọ̀nà tí àwo kan ṣoṣo, tí kò fẹ̀ ju DVD tí gbogbo wa mọ̀ lọ, fi lè gba dátà tó tó 1.6 petabit. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bí 200 TB (TB kan jẹ́ 1,000 GB). Àwọn tó ń ya fídíò òde ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ gbọ́, wọ́n sì ń béèrè pé: ṣé ká ṣì máa ra háàdì dísìkì ni, àbí ká rọra dúró de àwo yìí?

Ẹ má dúró dè é. Kì í ṣe pé irọ́ ni wọ́n pa o. Iṣẹ́ gidi ni, ó sì wú mi lórí púpọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí àyè kì í ti í ṣe ìṣòro àwo mọ́. Bí ẹ̀rọ ṣe ń yára kọ dátà sí, iye tí wọ́n ń ta ẹ̀rọ náà, àti ẹni tí yóò kọ́kọ́ ra ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ kó tó dínwó: ibẹ̀ ni àwo tuntun ti ń kú. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ká tó wá sọ ohun tó yẹ kí olùfídíò, sọ̀féyọ̀, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ilé ìwòsàn máa fi pa dátà mọ́ lónìí.

Bí ojú iná ṣe kéré tó ni àyè ṣe pọ̀ tó

CD, DVD àti Blu-ray, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà ṣiṣẹ́. Iná lésà gba inú lẹ́ǹsì kọjá, ó kóra jọ sí ojú kan bíńtín, ó wá ń tẹ̀ lé ipa tó yí po láti àárín àwo dé etí rẹ̀. Bí ojú iná yẹn bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni àmì tó lè kọ tàbí tó lè kà ṣe máa kéré tó. Ernst Abbe, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ti ṣàlàyé láti 1873 pé ó ní ibi tí ojú iná lè kéré mọ. Ẹ mú gígùn ìgbì iná náà, ẹ fi ìlọ́po méjì nọ́ńbà lẹ́ǹsì, èyí tí wọ́n ń pè ní NA, pín in. Ohun tí ẹ bá rí, ibẹ̀ ló parí sí.

CD tó jáde ní Japan ní 1982 ń lo ìgbì 780 nánómítà (mílíọ̀nù nánómítà ló wà nínú mílímítà kan, 1,000 nínú máíkírómítà kan) àti lẹ́ǹsì tí NA rẹ̀ jẹ́ 0.45. Ojú iná rẹ̀ tó nǹkan bí 870 nánómítà, ipa kan sì jìnnà sí èkejì ní 1.6 máíkírómítà. Ìdí nìyẹn tí kò fi gbà ju 700 MB. DVD tó tẹ̀ lé e ní 1996 sọ ìgbì di 650, ó sọ lẹ́ǹsì di 0.60, ó sì fún ipa pọ̀ dé 0.74 máíkírómítà: 4.7 GB. Blu-ray dé ní 2006 pẹ̀lú ìgbì 405 àti lẹ́ǹsì 0.85; ojú iná já wálẹ̀ sí nǹkan bí 240 nánómítà, àlàfo ipa di 0.32 máíkírómítà, ìpele kan ṣoṣo sì gba 25 GB.

Ibẹ̀ ni ọ̀nà yẹn ti dí. Bí ẹ bá tún ní kí ìgbì kúrú ju 405 lọ, ẹ ti ń wọ inú ìtànṣán tí ojú kì í rí, èyí tí ike polycarbonate tí wọ́n fi ń ṣe àwo máa ń fà mu tó sì máa ń bà á jẹ́. Lẹ́ǹsì náà kò ní ibi tó ń lọ mọ́: nínú atẹ́gùn lásán, nọ́ńbà NA kò lè ju 1 lọ, 0.85 sì ti gbé lẹ́ǹsì sún mọ́ ojú àwo débi pé ìpele dátà Blu-ray kò jìn ju 0.1 mílímítà sí ojú òde. Ẹ rántí 0.1 mílímítà yìí, a ó padà bá a nígbà tá a bá ń sọ̀rọ̀ nípa híha.

Nígbà tí ọ̀nà yẹn dí, oríṣiríṣi ọ̀nà ni àwọn ilé iṣẹ́ ń gbìyànjú, kò sì sí èyí tí kò ní ẹ̀gún tirẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni kí wọ́n to ìpele lé ara wọn. BDXL, ẹ̀yà Blu-ray onípele púpọ̀ tí ìlànà rẹ̀ jáde ní 2010, ní ìpele mẹ́ta fún 100 GB, mẹ́rin fún 128 GB. Ní 2014, Sony àti Panasonic kéde Archival Disc: ìpele mẹ́ta lójú ọ̀tún, mẹ́ta lójú òsì, 300 GB, pẹ̀lú ìlérí pé yóò di 500 GB, lẹ́yìn náà 1 TB. 500 GB dé lóòótọ́. Sony kó 11 nínú rẹ̀ sínú àpótí kan tó gba 5.5 TB. Kò dé 1 TB. Ohun tó ń dènà ìpele púpọ̀ ni pé ìpele kọ̀ọ̀kan ń jẹ nínú iná kó tó dé èyí tó wà nísàlẹ̀, ìpele òkè ń ta ìmọ́lẹ̀ padà sórí ohun tí à ń kà nísàlẹ̀, bí ìjìnlẹ̀ bá sì ti yí padà, ojú iná kì í mú ṣáṣá mọ́ àfi tí lẹ́ǹsì bá tún ara rẹ̀ ṣe. Folio Photonics, ilé iṣẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, kéde ní 2022 pé àwọn máa gbé àwo onípele púpọ̀ tó gba 1 TB jáde ní 2024. Ọdún náà dé, ó kọjá, kò sí i lórí igbá.

Ti họ́lógíráàmù, ká má lọ jìnnà. InPhase Technologies, tó jáde láti ilé ìwádìí Bell Labs ní Amẹ́ríkà, ṣe àwo 300 GB tó ń kọ odindi ojú-ìwé dátà lẹ́ẹ̀kan náà dípò àmì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti ilẹ̀kùn ní 2010.

Gíláàsì, àti àwo Shanghai

Ní yunifásítì Southampton, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Peter Kazansky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ dátà sínú gíláàsì silica. Iná lésà wọn kì í tàn lọ́ bẹẹrẹ. Ó ń ṣẹ́jú fún ìwọ̀n femtosecond, àkókò tó kúrú débi pé ooru kò ráyè tàn ká kí ó fọ́ gíláàsì. Ibi tí iná bá ti ṣẹ́jú, àmì wínníwínní kan máa ń kù síbẹ̀ tó ń yí bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gba ibẹ̀ kọjá padà. Ibi tí àmì náà wà jẹ́ nọ́ńbà mẹ́ta: òró, ìbú, ìjìnlẹ̀. Ìhà tí àmì kọjú sí jẹ́ ìkẹrin, bí ó ṣe ń yí ìmọ́lẹ̀ padà tó sì jẹ́ ìkarùn-ún. Ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní 5D nìyẹn. Gíláàsì yìí kò bẹ̀rù ooru, kò bẹ̀rù omi, kò sì ní aró tó lè ṣá.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyára rẹ̀. Nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde ní 2021, wọ́n kọ 5 GB ọ̀rọ̀ sínú gíláàsì, wọ́n sì kà á padà pẹ̀lú àṣìṣe tí kò tó nǹkan. Ìyára kíkọ jẹ́ nǹkan bí 230 KB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. 5 GB yẹn nìkan, bíi wákàtí mẹ́fà ni. Àwọn fúnra wọn sọ pé àwo tó fẹ̀ tó CD lè gba 500 TB, pé yóò sì gba ọjọ́ 60 láti kọ ọ́ bí iná púpọ̀ bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Bí iná kan ṣoṣo bá ń bá ìyára 230 KB lọ, ẹ fi ẹ̀rọ ìṣirò yín gbá a: 500 TB máa gba nǹkan bí ọdún 69.

Microsoft náà ń ṣe tirẹ̀. Ní 2019, wọ́n kọ fíìmù Superman ti 1978, 75.6 GB, sínú gíláàsì pẹlẹbẹ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 75 mílímítà tí ó sì nípọn 2 mílímítà. Ilé ìpamọ́ dátà Azure, iṣẹ́ tiwọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n ń ro nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Ọjà kọ́ ni wọ́n ń wò.

Ká wá sọ ti Shanghai, torí òun ló bí ìbéèrè. Ọgbọ́n ibẹ̀ dá lórí iná méjì. Iná àkọ́kọ́, femtosecond aláwọ̀ ewé tí ìgbì rẹ̀ jẹ́ 515 nánómítà, ló ń kọ àmì. Iná kejì, pupa, 639 nánómítà, rí bí òrùka: àárín rẹ̀ ṣófo. Wọ́n gbé òrùka yìí lé orí iná àkọ́kọ́. Ibi gbogbo tí òrùka bá kàn, kò jẹ́ kí kíkọ wáyé. Àárín tó ṣófo nìkan ni àmì ti lè dúró. Àmì tó kù kò ju nǹkan bí 54 nánómítà lọ, àlàfo ipa sì jẹ́ 70 nánómítà. Ẹ fi 70 wé 320 ti Blu-ray. Òfin Abbe kò yẹ̀. Wọ́n kàn wá ọgbọ́n dá sí i ni. Láti ọ̀dọ̀ Stefan Hell ni ọgbọ́n òrùka yìí ti wá, níbi máíkírósíkópù, ó sì wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú kẹ́místírì ní 2014 nítorí rẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń kọ sí kì í ṣe ìpele ọgọ́rùn-ún tí wọ́n tò lé ara wọn. Fíìmù kan ṣoṣo ni, tó mọ́ gaara, tí wọ́n po aró kan mọ́. Nígbà tí mólíkù aró yẹn bá ṣù jọ ló máa ń tàn. Ìtànṣán yẹn ni ẹ̀rọ ń kà. Wọ́n ń kọ ìpele 100 sínú fíìmù yìí, ọ̀kan jìnnà sí èkejì ní máíkírómítà kan péré. Nítorí pé fíìmù náà kò ní ìpele tó ń ta iná padà, ìṣòro tí mo kà sílẹ̀ níbi Archival Disc dín kù gan-an. Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú iṣẹ́ náà nìyí.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ẹ̀rọ náà máa ní nínú. Iná méjì fún kíkọ, iná méjì mìíràn fún kíkà, èyí tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ òrùka pẹ̀lú. Àárín òrùka gbọ́dọ̀ bọ́ sí àárín iná àkọ́kọ́ ní ìwọ̀n tó kéré ju 54 nánómítà lọ, nígbà tí àwo ń yí. Bí tábìlì bá gbọ̀n, bí ooru bá mú kí irin kan gùn díẹ̀, àmì ti bọ́ sí ibòmíràn. Lésà femtosecond kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni wọ́n ń tà á. Lésà Blu-ray kéré ju èékánná lọ, kò sì wọ́n. Inú ilé ìwádìí ni irú ẹ̀rọ yìí ń gbé.

Ìṣirò tí ìròyìn kì í ṣe

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ iye TB tí àwo rẹ̀ gbà, ẹ bi í ní iye MB tó ń kọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Blu-ray 1x, ìyẹn ìyára ìpìlẹ̀ rẹ̀, jẹ́ 4.5 MB; 6x, ìlọ́po mẹ́fà rẹ̀, jẹ́ 27 MB. Bí ẹ bá fẹ́ fi ìyára 6x kọ 200 TB, ọjọ́ 86 ni, tọ̀sán tòru, láìjẹ́ pé iná lọ fún ìṣẹ́jú kan. Kí àwo bẹ́ẹ̀ tó lè wúlò, ó kéré tán ó gbọ́dọ̀ yára tó LTO-9, téèpù mágínẹ́ẹ̀tì tí àwọn ilé ìpamọ́ dátà ńlá ń lò, tó ń kọ 400 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Pẹ̀lú ìyẹn náà, 200 TB máa gba bí ọjọ́ mẹ́fà.

LTO yìí gan-an ni alátakò tí àwo tuntun máa bá jìjàkadì, kì í ṣe fláàṣì tí à ń rà ní Tákìí, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Káséètì LTO-9 kan gba 18 TB, ó sì kún láàárín wákàtí 12 àti ààbọ̀. Ilé iṣẹ́ ju ẹyọ kan lọ ló ń ṣe é. Ẹ̀rọ LTO-9 ń ka káséètì LTO-8. Ilé ìpamọ́ dátà ńlá kò ní torí pé àwo kan lẹ́wà kó fi èyí sílẹ̀, àfi tí owó tó ń ná wọn lórí TB kan bá wálẹ̀ gan-an, tí ẹni tó ń ta àwo náà sì pé méjì ó kéré tán, kí wọ́n má bàa há sọ́wọ́ ẹnì kan.

Àwo ní àǹfààní tirẹ̀ o. Kò jẹ iná nígbà tó bá jókòó. Mágínẹ́ẹ̀tì kò ràn án. Ohun tí wọ́n bá kọ sí oríṣi tí à ń kọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, fáírọ́ọ̀sì kò lè pa á rẹ́, òṣìṣẹ́ kò sì lè yí i padà. Ní oṣù kìn-ín-ní 2014, Facebook fi àpótí ńlá kan hàn tó kó àwo Blu-ray 10,000 sínú, 1 PB (1,000 TB) lápapọ̀, fún àwọn fọ́tò tí ẹnikẹ́ni kì í sábà wò mọ́. Irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ ni àwo tuntun nílò: ẹni tó ń ra ẹgbàárùn-ún lẹ́ẹ̀kan.

Ṣùgbọ́n oníbàárà kékeré ti kúrò níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kì í ní ojú àwo mọ́. Panasonic dáwọ́ àwo Blu-ray tí à ń kọ dúró ní oṣù kejì 2023. Sony ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù kejì 2025. Verbatim, tí CMC Magnetics ti Taiwan rà ní 2019, ṣì ń bá a lọ. Ìyàtọ̀ ńlá nìyí sí ìgbà CD àti DVD: nígbà náà, orin àti fíìmù tí gbogbo ilé ń rà ló san owó tí ẹ̀rọ fi dínwó, tí àwa oníṣẹ́ sì jẹ àǹfààní rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò san irú owó bẹ́ẹ̀ fún àwo 200 TB. Nítorí náà, èrò mi ni pé bí àwo Shanghai tàbí gíláàsì bá dé ọjà rárá, inú ilé ìpamọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ni yóò kọ́kọ́ wà, àwa yóò sì máa san owó oṣù lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti lo àyè nínú rẹ̀. Pé yóò dé orí tábìlì ṣọ́ọ̀bù kan ní Ọjà Akẹ̀sán, ní Ọ̀yọ́, mi ò rí ọ̀nà tí yóò gbà.

Ohun tó yẹ ká máa ṣe báyìí

Ẹ kọ́kọ́ mọ iye tí ẹ ní. Kámẹ́rà 4K tó ń kọ 100 Mb (mégábíìtì; mẹ́jọ rẹ̀ ló jẹ́ MB kan) ní ìṣẹ́jú àáyá kan ń jẹ 45 GB ní wákàtí kan. Ìgbéyàwó wákàtí mẹ́fà pẹ̀lú kámẹ́rà méjì jẹ́ 540 GB. Bí ẹ bá ní àwo 25 GB lẹ ó kó o sí, 22 ni ẹ máa sun, iṣẹ́ ọjọ́ méjì gbáko nìyẹn. Kò bọ́gbọ́n mu. Fídíò tútù, háàdì dísìkì méjì ni kó wà, ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan nílé, kí olè tàbí iná má bàa kó méjèèjì pa pọ̀. Iṣẹ́ tó ti parí ni ti àwo. Fídíò wákàtí mẹ́ta ní 1080p, 16 Mb ní ìṣẹ́jú àáyá kan, jẹ́ 21.6 GB: ó wọ àwo 25 GB kan. Ti 4K, 50 Mb ní ìṣẹ́jú àáyá kan, jẹ́ 67.5 GB: ó wọ BDXL 100 GB kan. Máàpù àti fọ́tò dúróònù àwọn sọ̀féyọ̀, àwòrán CT ilé ìwòsàn, ìwé ìwádìí àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ìwàásù ọdọọdún, gbogbo wọn bá a mu, torí pé wọ́n ti parí, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ yí wọn padà.

Tí ẹ bá ń ra àwo, ẹ wo ara páálí rẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá rí LTH níbẹ̀, ẹ gbé e padà: aró ni wọ́n fi ṣe é, bíi ti CD-R, oòrùn àti ooru sì máa ń pa aró. BD-R lásán (Blu-ray tí à ń kọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo) tí kò ní LTH ń lo àdàlù mẹ́táàlì, kì í ṣe aró, ó sì lágbára jù ú lọ. M-DISC, oríṣi àwo ìpamọ́ mìíràn, náà kò ní aró; ilé iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sọ pé yóò lo 1,000 ọdún, ìṣirò ilé ìwádìí sì ni, kò sí ẹni tó tíì dúró wò ó. Ẹ ra ẹyọ díẹ̀ kọ́kọ́, ẹ fi ImgBurn, ètò kọ̀ǹpútà tó ń kọ àwo, wo nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà nínú àwo fúnra rẹ̀, kí ẹ rí i bóyá orúkọ ilé iṣẹ́ tó wà lára páálí àti ti inú àwo bára mu. Ayédèrú pọ̀ níta.

Ẹ̀rọ tí ẹ ó rà gbọ́dọ̀ ní BDXL lára, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní gba 100 GB. Èyí tó pẹlẹbẹ tó ń jẹ iná láti ojú USB ló wọ́pọ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àwo ti ń bàjẹ́. Ojú USB 2.0 kì í fúnni ju 500 mA lọ, USB 3.0 jẹ́ 900 mA, nígbà tí ẹ̀rọ yìí lè fẹ́ ju 1,000 mA lọ bí lésà bá ti ń kọ. Tí iná kò bá tó, kíkà máa ń lọ dáadáa, ẹ ó sì rò pé kò sí wàhálà. Ìgbà tí kíkọ bá dé ìdajì ni yóò já. Ẹ lo wáyà olórí méjì tó ń gba iná láti ojú USB méjì, tàbí ẹ̀rọ tó ní ṣájà tirẹ̀. Ẹ má gba inú họ́ọ̀bù tí kò ní iná tirẹ̀ kọjá, ẹ má sì lo wáyà gígùn.

Ẹ mọ̀ pé NEPA kì í dágbére. BD-R tí kíkọ rẹ̀ bá dá láàárín, ẹ kà á sí èyí tó ti lọ. Ẹ lo alágbèéká tí bátìrì rẹ̀ kún, ṣájà sì wà lójú iná. Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà orí tábìlì, UPS tàbí ínfátà ló gbọ́dọ̀ gbé e, torí ìṣẹ́jú tí ẹ fi ń yí padà sí jẹnẹrétọ̀ nìkan ti tó láti ba àwo jẹ́. Ẹ pa ètò tó ń mú kọ̀ǹpútà sùn. Ẹ kó fáìlì sínú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ kí ẹ tó kọ ọ́. Ẹ má kọ ọ́ tààrà láti orí káàdì kámẹ́rà tàbí fláàṣì, nítorí wọ́n máa ń falẹ̀ lójijì.

Kí ẹ tó kọ, ẹ ṣe nọ́ńbà ìjẹ́rìí SHA-256 fún fáìlì kọ̀ọ̀kan; bí ohun kan bá yí padà nínú fáìlì, nọ́ńbà náà kò ní bára mu mọ́. Lórí Linux, sha256sum ni. Lórí Windows, certutil -hashfile, orúkọ fáìlì, SHA256. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì ọ̀rọ̀ kan tí yóò wà lórí àwo náà pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ètò kọ̀ǹpútà par2 ṣe fáìlì àtúnṣe tó tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, kí ẹ lè rí fáìlì gbà padà bí apá kan àwo bá kọ̀ láti ṣeé kà. Àyè kì í tó bí ẹ ṣe rò: àwo tí wọ́n pè ní 25 GB, 23.3 ni Windows máa kà á sí. Bí ẹ bá fẹ́ fi par2 síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí fídíò ju 21 lọ lójú Windows. Fídíò 21.6 GB tí mo ṣírò lẹ́ẹ̀kan, 20.1 ni Windows máa pè é, ó sì wọlé pẹ̀lú par2 rẹ̀. Tí ètò bá béèrè ọ̀nà tí yóò gbà to fáìlì sórí àwo, ẹ yan UDF. ISO 9660 àtijọ́ kì í gba fáìlì tó bá tó 4 GB láìgé e.

Ìyára 4x ló dáa fún àwo 25 GB: 18 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìṣẹ́jú 23 lẹ ó fi kọ ọ́, ẹ ó sì tún fi tó bẹ́ẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. 100 GB ní 4x jẹ́ wákàtí kan àti ààbọ̀ fún kíkọ nìkan. Ẹ má fo àyẹ̀wò yẹn. Ẹ tún gbé àwo náà sínú ẹ̀rọ mìíràn, kí ẹ fi SHA-256 wò ó níbẹ̀, nítorí ẹ̀rọ tí lẹ́ǹsì rẹ̀ ti yẹ̀ díẹ̀ lè ka ohun tí òun fúnra rẹ̀ kọ, kí òmíràn má lè kà á.

Wàyí o, 0.1 mílímítà tí mo ní kí ẹ rántí. Lára CD-R, abẹ́ ibi tí à ń kọ orúkọ sí gan-an ni dátà wà, tí kò sí ohun kankan láàárín wọn ju fáníìṣì tín-ín-rín lọ. Ẹni tó bá fi báírò kọ orúkọ síbẹ̀ ti fi báírò ya dátà. Lára DVD, ó wà láàárín ike méjì. Lára Blu-ray, ìsàlẹ̀ ló wà, nítòsí ojú tí lésà ń wò. Nítorí náà, híha tí DVD lè fara dà lè ba Blu-ray jẹ́ bó bá ti wọnú awọ líle tó bò ó. Máákà olómi ni kí ẹ fi kọ orúkọ, sí àárín gbùngbùn tí kò ní dátà. Nígbà ọyẹ́, eruku Ògbómọ̀ṣọ́ ń wọ ibi gbogbo: ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù ún láti àárín lọ sí etí, ẹ má ṣe nù ún yí po, nítorí híha tó bá tẹ̀ lé ipa dátà ṣòro fún ẹ̀rọ láti túnṣe ju èyí tó dábùú rẹ̀ lọ. Bí àwo tàbí ẹ̀rọ bá ti inú yàrá AC jáde sínú ooru òjò, ẹ jẹ́ kó sinmi kí ìrì orí lẹ́ǹsì gbẹ.

Inú páálí líle ni kí ẹ tọ́jú àwo sí, ní ìdúró, kì í ṣe nínú ọ̀rá rọ́bà tó máa ń lẹ̀ mọ́ ọn. Yàrá abẹ́ páànù tí kò ní síìlì kò dáa fún un. Ooru oṣù kejì sí ìkẹta nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀ máa ń tẹ ike. Kọ́bọ́ọ̀dù yàrá ìsàlẹ̀ tí oòrùn kì í dé tó. Lọ́dọọdún, ẹ mú díẹ̀ nínú àwo àtijọ́, ẹ fi SHA-256 wò wọ́n. Bí ọ̀kan bá kùnà, ẹ yẹ gbogbo èyí tí ẹ rà pọ̀ mọ́ ọn wò, kí ẹ sì kọ wọ́n tuntun láti orí ẹ̀dà kejì.

Bí ilé iṣẹ́ ṣe ń kúrò nídìí Blu-ray lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ ló máa kọ́kọ́ wọ́n kí àwo tó wọ́n. Ẹ ra méjì nígbà tí ẹ bá ń ra. Ẹ máa fi ọ̀kan ṣiṣẹ́ ojoojúmọ́, kí ẹ we èkejì mọ́ inú ọ̀rá pẹ̀lú àpò silica tó ń fa ọ̀rinrin, ẹ sì máa yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún láti fi ka àwo kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.